Bí Mo Ṣe Ń Ṣe Súwíìtì Ṣokoléètì Oníkùn Ẹ̀pà Nílé

Nígbà kan, mo ṣe ọgbọ̀n súwíìtì oníkùn ẹ̀pà sílẹ̀ de ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin mi. Lálẹ́ tí mo rì wọ́n sínú ṣokoléètì tán, wọ́n ń dán gbinrin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti funfun bálabàla bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán, wọn ò ráhùn, àmọ́ èmi mọ̀ pé kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Eyín kàn ń wọnú rẹ̀ ni, kò dún kà rárá. Ẹ̀pà inú rẹ̀ dáa, adùn rẹ̀ pé. Ooru ṣokoléètì ni mi ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí n ò fi ní pẹ́ lórí ẹ̀pà, tí màá sì pẹ́ dáadáa lórí ṣokoléètì.

Ohun tí mo máa ń wọ̀n sílẹ̀ rèé: ẹ̀pà lílọ̀ giráàmù 200, ṣúgà tí wọ́n lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun giráàmù 80, bọ́tà giráàmù 30 tó ti rọ̀ fúnra rẹ̀, iyọ̀ ìdámẹ́rin ṣíbí kékeré, àti ṣokoléètì dúdú giráàmù 300. Ó máa ń tó bíi 25. Tí iyọ̀ bá ti wà nínú ẹ̀pà yín tẹ́lẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi kún un. Ẹ má yọ iyọ̀ sílẹ̀ pátápátá o, òun ló ń jẹ́ kí adùn ẹ̀pà yọ láàárín ṣúgà.

Ẹ̀pà tí òróró rẹ̀ léfòó sókè, ẹ rò ó dáadáa kó padà di ọ̀kan kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Òróró ẹ̀pà kì í dì nínú ilé, kò dà bí ọ̀rá kòkó inú ṣokoléètì. Tó bá pọ̀ jù, yóò rọra máa wọ inú ṣokoléètì tó bò ó, yóò sì mú kó rọ̀. Ṣúgà kúnná yẹn ló ń dì í mú. Ṣúgà oníhóró kò lè ṣe iṣẹ́ náà, ńṣe ni yóò máa ta lábẹ́ eyín bí yanrìn.

Ẹ fi ṣíbí po gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá mú díẹ̀ tẹ̀ láàárín ìka méjì. Tó bá lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ fi ṣúgà ṣíbí kan sí i. Tí etí rẹ̀ bá ń ya, ẹ fi ẹ̀pà díẹ̀ sí i. Ẹ yí i ní róbótó, giráàmù 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má gbé e sínú fírísà. Ohun tó bá tutù jù máa ń sún kì, tó bá wá ń móoru padà nínú èèpo ṣokoléètì, yóò wú, yóò sì là á.

Ó wá kan ṣokoléètì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èyí tó jẹ́ ọ̀rá kòkó ni ọ̀rá inú rẹ̀ ni mò ń sọ. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá mìíràn ṣe kò ní wàhálà kankan, ẹ kàn máa yọ́ ọ ni, àmọ́ kì í yọ́ lẹ́nu bí ojúlówó, èmi ò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́fà ni ọ̀rá kòkó lè gbà dì. Ìkarùn-ún nìkan ló ń dán, tó ń dún kà, tó sì ń yọ́ ní nǹkan bíi 34°C, ìyẹn ni pé ooru ẹnu wa tó láti yọ́ ọ. Tí a bá kàn yọ́ ṣokoléètì tí a fi sílẹ̀ kó dì bó ṣe wù ú, àwọn yòókù ni yóò jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí súwíìtì ọmọ mi nìyẹn.

Ẹ gé ṣokoléètì náà wẹ́wẹ́. Ẹ kó giráàmù 200 sínú abọ́, kí ẹ fi 100 yòókù pamọ́. Ẹ gbé abọ́ náà lé orí ìkòkò tí omi inú rẹ̀ ń yọ ooru, tí ìdí abọ́ kò sì kan omi. Ẹ máa rò ó títí yóò fi dé 45 sí 50°C, kí ẹ gbé e kúrò. Ẹ wá máa da èyí tí ẹ fi pamọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́dúró, títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sí 31 tàbí 32°C. Èyí tó ní mílíìkì, 29 sí 30°C ni. Èyí tí ẹ fi pamọ́ yẹn, ó ti dì ní ọ̀nà karùn-ún tẹ́lẹ̀, òun ni yóò kọ́ ìyókù bí yóò ṣe dì. Tí ẹ ò bá ní tẹmómítà, ẹ fi díẹ̀ kan abẹ́ ètè ìsàlẹ̀ yín: ó yẹ kó tutù díẹ̀ lára yín. Ẹ tún fi díẹ̀ sórí ọ̀bẹ. Nínú yàrá tó tutù níwọ̀nba, bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò dì, yóò sì máa dán.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù. Mo gbé abọ́ kúrò lórí iná lọ́jọ́ kan láì nu ìdí rẹ̀, ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sì kán sínú rẹ̀ bí mo ṣe ń dà á. Lójú mi báyìí ni ṣokoléètì tó ń ṣàn bí òróró di amọ̀ líle. Ṣúgà inú rẹ̀ ló gba omi náà mu, tó sì fi so pọ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má dà á nù. Ẹ fi mílíìkì gbígbóná kún un ní ṣíbíṣíbí, yóò padà yọ́, ẹ lè dà á sórí kéèkì. Kò ṣeé fi bo súwíìtì mọ́ ni.

Ẹ kó ẹ̀pà róbótó náà jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Ẹ ju ọ̀kan sínú ṣokoléètì, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì dà á bò ó, kí ẹ sì fi gbé e láti ìsàlẹ̀. Ẹ wá máa lu ọrùn fọ́ọ̀kì náà mọ́ etí abọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Ẹ ó rí i tí ṣokoléètì ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín eyín fọ́ọ̀kì, tí ara súwíìtì sì ń jọ̀lọ̀. Ẹ nu ìdí fọ́ọ̀kì mọ́ etí abọ́, kí ẹ rọra tì í sórí bébà. Tí ẹ bá fo nínù yìí, yóò ní ẹsẹ̀ palaba nísàlẹ̀. Tí ṣokoléètì bá ń ki lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e padà sórí ooru fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré. Tó bá ti kọjá 32°C, àfi kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ rírì lè lo ife bébà kéékèèké: ṣokoléètì nísàlẹ̀, ẹ̀pà láàárín, ṣokoléètì lókè. Irú èyí ni H. B. Reese bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Hershey, ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1928.

Nínú abọ́ olómorí, níbi tó tutù tí kò ní ọ̀rinrin, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ooru bá mú kí ẹ fi sí fìríìjì, ẹ má ṣí i bí ẹ bá ti ń gbé e jáde. Ẹ jẹ́ kó móoru tán pẹ̀lú ìdérí lórí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi yóò sẹ̀ sí i lára. Ẹ gbé e sókè níbi tí ajá kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí májèlé ni ṣokoléètì jẹ́ fún ajá. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í bóyá ara rẹ̀ ń gba ẹ̀pà. Àwọn kan wà tí ẹyọ kan ṣoṣo lè pa, èèpo rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú. Mo máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìdérí: Ẹ̀PÀ WÀ NÍNÚ RẸ̀.