Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ tára yá tàn yín jẹ o
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ara yá lónìí kẹ́ ẹ wá lọ fọ gbogbo aṣọ ilé, tó bá di ọ̀la ẹ ò ní lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àga ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó ẹ dìde, tó bá ṣòro ẹ fọwọ́ ti apá àga, bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún kẹ́ ẹ sinmi, torí iṣan itan máa ń tètè rọ téèyàn bá ti dùbúlẹ̀ pẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń rìn ẹ máa sọ̀rọ̀, tí èémí ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ parí gbólóhùn kan, ẹ dẹwọ́ díẹ̀. Kẹ́ ẹ sì yí padà nígbà tágbára ṣì kù o, ọ̀nà àbọ̀ náà ń bẹ níwájú. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, ẹ pe dókítà.