Hypophosphatasia ní Jàpáànì: ẹ má fojú fo ALP tó kéré

Tí egungun ọmọ bá rọ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń tẹ̀, rickets, àìsàn egungun rírọ̀ tí àìtó fítámì D sábà máa ń fà, ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn, wọ́n á sì sáré fún un ní fítámì D àti calcium. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ALP (alkaline phosphatase, ènsáìmù tó ń jẹ́ kí egungun le) nínú èsì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ná. Rickets máa ń gbé ALP sókè ni, hypophosphatasia, àìsàn egungun tí jíìnì máa ń fà, ló máa ń mú un wálẹ̀, ọmọ jòjòló tó sì ní in lè ti ní calcium tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún wá bu kún un, kíndìnrín ọmọ ló máa fojú winá ẹ̀.

Ẹ má fi ìwọ̀n àgbàlagbà wọn ọmọdé o. ALP ọmọdé máa ń ga ju tàgbà lọ dáadáa, torí náà èyí tó kéré fún ọmọ lè dà bíi pé kò sí wàhálà rárá. Ní Jàpáànì, tiwọn tún ní ìṣòro míì, láti April 2020 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí JSCC, ọ̀nà tiwọn láti wọn ALP, bọ́ sórí IFCC tó jẹ́ ti àgbáyé, nọ́ńbà tuntun sì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fi èsì 2019 wé tìsìnyí á ní ALP ti já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló yí padà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí wọ́n gbọ́ pé jíìnì ALPL, tí ara fi ń ṣe ALP yìí, ti yí padà kí wọ́n sì gbà pé ọmọ ò ní yè. Ibi tó ti yí ńkọ́? Àyípadà tí wọ́n ń pè ní c.1559delT ló wọ́pọ̀ jù ní Jàpáànì, lẹ́tà kan ṣoṣo ló já sọnù. Nínú bí èèyàn 480, ẹnì kan gbé e, ara ẹ̀ sì le koko. Ọmọ tó gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni egungun ẹ̀ kì í le nínú oyún, tí àyà á kéré, tí mímí á dogun. Ṣùgbọ́n àyípadà míì, p.Phe327Leu, náà wà láàárín wọn, ènsáìmù tiẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹsẹ̀ lè tẹ̀ nínú scan kó sì máa nà bọ̀ lẹ́yìn ìbí. Ẹ má torí scan nìkan sọ fún aláboyún pé ó ti parí. Àtọdún 2015 ni Jàpáànì sì ti fọwọ́ sí asfotase alfa, oògùn tó ń rọ́pò ènsáìmù yìí, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láyé.

Gìrì tó ń mú ọmọ tó ní hypophosphatasia, fítámì B6 lè jẹ́ oògùn ẹ̀. Eyín tó bá já tòun ti gbòǹgbò kọ́mọ tó pé ọdún 4, ẹ má pè é ní pípààrọ̀ eyín.

Àgbàlagbà tí egungun ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ṣẹ́ ṣáá, ẹ má fún un ní bisphosphonate, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú egungun tó ń ṣẹ́, láìwo ALP ẹ̀, torí tó bá jẹ́ hypophosphatasia ló ní, oògùn yẹn jọ pyrophosphate, ohun tí kì í jẹ́ kí egungun le, tó ti pọ̀ jù lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀.