Ìlà Tó Ṣófo Kì Í Ṣe Òdo: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Àkọsílẹ̀ Àmì GPS

Ìlà agbedeméjì mágínẹ́ẹ̀tì ayé gba àríwá Nàìjíríà kọjá, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run wa kì í fi í tètè sùn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, àwọn ihò tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ò pọ̀ nínú wọn á máa rú sókè láti ìsàlẹ̀ ionosphere (ìpele òkè afẹ́fẹ́ tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ sí), bí ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná. Oṣù Kẹta sí Ìkẹrin àti Ìkẹsàn-án sí Ìkẹwàá ló máa ń le jù. Àmì GPS tó bá gba àárín wọn á máa ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ S4 la fi ń wọn ìṣẹ́jú ọ̀hún, bó bá ṣe ga tó ni àmì ṣe ń ṣẹ́jú tó, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan (ẹ má rẹ́rìn-ín, bí èdè wa ṣe rí nìyẹn).

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù rèé. Bí àmì bá ṣubú jìnnà, rìsífà á já sátẹ́láìtì náà sílẹ̀, kò sì ní rí S4 kankan kọ. Ẹni tó fẹ́ kí tábìlì rẹ̀ mọ́ á wá fi 0 dí àyè náà. Ó ti sọ ìṣẹ́jú tó burú jù lálẹ́ yẹn di èyí tó dákẹ́ jù! Ẹ kọ ọ́ pé àmì sọnù, kí ẹ sì wo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Bí S4 bá ti ń gòkè bọ̀ kó tó já, ionosphere ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí gbogbo sátẹ́láìtì bá pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ bèèrè bóyá iná ló lọ.

Òrùlé páànù àti táǹkì omi náà máa ń ṣe bí ionosphere, torí àmì máa ń ta padà lára wọn. Sátẹ́láìtì GPS máa ń padà sí ojú kan náà lọ́run ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 ṣáájú ti àná. Bí “ìdàrúdàpọ̀” yín bá ń fi ìṣẹ́jú 4 ṣáájú lójoojúmọ́ lórí sátẹ́láìtì kan náà, páànù ni. Ẹ yọ sátẹ́láìtì tí kò tíì ga tó dígírì 30 kúrò.

Àkọsílẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 kò lè bí S4. ROTI ló lè bí, ìyẹn òṣùwọ̀n bí iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lójú ọ̀nà àmì ṣe ń yára yí padà. S4 ń fẹ́ àkọsílẹ̀ bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Aago 20:00 inú fáìlì tó ń lo UTC (aago àgbáyé) sì ni aago mẹ́sàn-án alẹ́ wa, kì í ṣe mẹ́jọ.

Tí ẹ bá wá ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti ya alẹ́ tó dàrú sọ́tọ̀, ẹ má po àwọn ìṣẹ́jú pọ̀ bíi gàrí kí ẹ tó pín wọn sí ti ẹ̀kọ́ àti ti ìdánwò. Ihò kan náà ló ń kọjá nínú aago 8:14 àti 8:15. Kọ̀ǹpútà ti rí ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Odindi alẹ́ ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀. Bí 95 nínú 100 ìṣẹ́jú bá sì dákẹ́, ẹni tó ń pariwo pé òun gba 95 lè jẹ́ pé “ó dákẹ́” nìkan ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ. Iye ìṣẹ́jú líle tó rí mú ni kí ẹ bi í.