Bí ẹ ṣe máa yan orin sínú fíìmù ìfẹ́ ayé àtijọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fíìmù ìfẹ́ tó wáyé láyé àwọn bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ di ọjọ́ editing. Mo ti wo ọ̀kan tí wọ́n ní 1955 ni, aṣọ òfì tó rẹwà, mọ́tò àtijọ́, gbogbo ẹ̀ pé, àfi bí wọ́n ṣe débi ìgbéyàwó tí fújì ń dún lálá! Fújì tó jẹ́ pé ìparí àwọn ọdún 1960 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́ fújì. Ọkàn mi kúrò lára àwọn olólùfẹ́ yẹn lójú ẹsẹ̀, kò sì padà mọ́.

Torí ẹ̀, ọdún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ọdún gan-an, àti ìlú. Ká ní Ìbàdàn ni, 1958, ọmọbìnrin aránṣọ kan àti tíṣà kan. Háíláìfù làwọn ọ̀dọ́ ìgboro ń jó nígbà yẹn, E.T. Mensah ti ń kó ẹgbẹ́ ẹ̀ wá láti Gánà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Victor Olaiya náà ti ní ẹgbẹ́ Cool Cats tiẹ̀. Jùjú wà, gángan àti gìtá oníná ti wọnú ẹ̀ láti bíi 1948 sí 1949, I.K. Dairo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1957. Bàbá ọmọbìnrin yẹn ńkọ́, tó bá jẹ́ àgbà Mùsùlùmí? Àpàlà tàbí sákárà ni tiẹ̀. Tíṣà ń gbọ́ háíláìfù, bàbá ń gbọ́ sákárà, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu a ti mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Ẹ tún bi ara yín pé ibo lorin ọ̀hún ti ń jáde. Àwo tó wọ́pọ̀ lórí gíramafóònù ìgbà yẹn ò ju bí ìṣẹ́jú 3 lọ lójú kan, ó máa tán láàárín ọ̀rọ̀, ẹnì kan á dìde lọ yí i padà, ẹ jẹ́ káwọn méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà kọ́wọ́ wọn kanra. Tó bá jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ni, ìyẹn rédíò oníwáyà tí wọ́n ń pè ní Rediffusion, ó ti dé Ìbàdàn láti 1939, kò sì sí pé à ń yan stéṣọ̀n, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ máa gbọ́. Ohùn ẹ̀ ò gbọdọ̀ kún bíi ti sípíkà òde òní o.

Ìlù ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Wọ́n á fi dùndún sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, wọ́n á ní ó dùn, bẹ́ẹ̀ dùndún ń sọ̀rọ̀! Ẹni tó gbọ́ ìlù á máa gbọ́ onílù, á sì pàdánù ohun tí ọmọbìnrin yẹn ń sọ. Àgídìgbo tàbí gìtá tó rọra ń lọ ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti dákẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé dùndún sí, kẹ́ ẹ jókòó ti àyàn, kẹ́ ẹ sọ oríkì ọmọ náà fún un, Àdùkẹ́ ni o, Àjọkẹ́ ni o, kí ìlù bá tíṣà sọ ohun tí ẹnu ẹ̀ ò lè sọ. Tẹ́ ẹ bá ní kó kàn máa lù ú, ó lè jẹ́ oríkì ọba kan ló máa wà níbẹ̀.

Orin tuntun náà ní tiẹ̀. Tí ohùn bá gbé "ọkọ mi" sókè níbi tí kò yẹ, ó ti di ọkọ́ nìyẹn. Tíyàwó bá sì jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ìsẹ́yìn, tó ń fi ilé bàbá ẹ̀ sílẹ̀, ẹkún ìyàwó ni, ohùn ẹ̀ nìkan, ẹ má fi kíbọ́ọ̀dù kankan sí i, mo bẹ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ láti lo orin: ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin yàtọ̀ sí ti àwo. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (Copyright Act) ti Nàìjíríà, ti 2022, fún ẹni tó kọ ọ́ ní ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹ̀. I.K. Dairo kú ní 1996, ẹ ṣírò ẹ̀, 2066 ló máa parí. Ẹ wá ẹbí tàbí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ náà lọ kẹ́ ẹ tó ya fíìmù, kẹ́ ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Tówó ò bá ká a, ẹ kó onígìtá àti onílù jọ, kí wọ́n ṣe tuntun ní àrà ìgbà yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ gbé e fún ìyá kan tó ti gbọ́njú ní 1958, ẹ má fi àwòrán hàn án, ẹ kàn jẹ́ kó gbọ́ orin, kẹ́ ẹ bi í pé ìgbà wo nìyí. Tó bá ní kó tó di ìndípẹ́ńdẹ́ǹsì ni, ẹ ti mú un.