Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣàánú Lẹ́yìn Àjálù Kí Owó Yín Má Bọ́ Sọ́wọ́ Oníjìbìtì

Bí omíyalé bá ṣẹlẹ̀ tàbí tí ilẹ̀ bá mì tìtì, ilẹ̀ ọjọ́ náà kì í ṣú kí àwọn oníjìbìtì tó gbé ìkànnì ìrànwọ́ jáde. Wọ́n mọ̀ pé àánú ti ṣe wá, ọwọ́ wa sì ti wà lápò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọ̀nà tí ẹni tó ń tọrọ owó gbà bá yín kọ́ ni kí ẹ gbà san án. Bó bá pè yín, ẹ gé ìpè náà: nọ́ńbà tó hàn lójú fóònù ṣeé fi parọ́. Bó bá fi líǹkì ránṣẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fún lówó.

Láti ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ ti máa ka àdírẹ́sì. Nínú aanu.org.iranwo-ajalu.com, iranwo-ajalu.com ló ni ìkànnì náà, aanu.org tó ṣíwájú, ẹ̀tàn ni. Ẹnikẹ́ni ló lè ra .org. Àmì àgádágodo tẹ́ ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kàn ń sọ pé ẹlòmíì ò lè yọjú wo ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ ni, kò sọ pé olóòótọ́ ló wà lódìkejì.

Ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́ náà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba: ti IRS, àjọ agbowó-orí, ní Amẹ́ríkà, ti Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, ní England àti Wales. Kí orúkọ bára mu pátápátá, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń yí.

Àwòrán pàápàá máa ń parọ́. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Tọ́kì àti Síríà ní February 2023, àwọn kan ń fi àwòrán panápaná tó gbé ọmọdé mọ́ra tọrọ crypto, ìyẹn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà ló yà á: ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún panápaná náà. Ẹ fi Google Lens, irinṣẹ́ tó ń wá ibi tí àwòrán ti jáde rí, wá àwòrán kó lè hàn bó bá jẹ́ ti àjálù àtijọ́.

Bí wọ́n bá ní káàdì ẹ̀bùn, crypto tàbí àkáǹtì ẹnì kan làwọn fẹ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Káàdì ìrajà àwìn (credit card) ló dára jù, torí ẹ lè bá báńkì jà fún owó náà.

Tẹ́ ẹ bá ti san án, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín lójú ẹsẹ̀, ẹ ya àwòrán gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ pa mọ́, kí ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹni tó bá sì ní òun máa bá yín gba owó náà padà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ san nǹkan, oníjìbìtì kejì nìyẹn.