Kì Í Ṣe Àfòmọ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Pa Òdòdó Orí Igi Run Nínú Igbó Àkúrẹ́ àti Ìdànrè

Ní oko kòkó kan lẹ́bàá Ìdànrè ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé ẹni tí kò ní ète ibi kankan lọ́kàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba igbó jẹ́. Bàbá tí ó ni oko náà ti ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun igi obì àtijọ́ kan, kí ó sì fi àdá họ gbogbo ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ó fi máa sọ̀ kalẹ̀, ìdì ewé àti gbòǹgbò funfun tí ó lè kún apẹ̀rẹ̀ méjì ni ó wà nílẹ̀, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tí ó rí tótòtó bí awọ ẹkùn sì ń rọ lórí díẹ̀ nínú wọn. Bàbá ní, "Ọmọ mi, àfòmọ́ ni. Bí mo bá fi í sílẹ̀, yóò mu igi yìí gbẹ."

Kì í ṣe àfòmọ́. Ọ́kíìdì (orchid) ni, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ansellia africana, tí IUCN, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ààbò ohun abẹ̀mí, sì ti kọ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ewéko tí ewu àkúrun ń dojú kọ.

Èyí ni mo kà sí àṣìṣe tí ó burú jù lọ, nítorí pé inú oko tiwa gan-an ni a ti ń ṣe é, a sì ń ṣe é pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé igi ni à ń gbà là. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan. Ọ́kíìdì ní gbòǹgbò tirẹ̀ ní tòótọ́, kò sì sí ohun tí ó fẹ́ lọ́dọ̀ igi ju ibi ìjókòó lọ. Àfòmọ́ a máa ri ẹnu bọ inú ẹ̀ka, a máa mu omi ara igi, ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ a sì máa wú bíi kókó. Ẹyẹ ni ó ń gbé hóró rẹ̀ kiri, nítorí pé hóró náà ń lẹ̀ bí àtè. Gbòǹgbò ọ́kíìdì ní tirẹ̀ a máa rìn lórí èèpo igi lásán. Ó ki, awọ funfun tí ó bò ó sì dà bíi kànrìnkàn tí ń fa omi òjò àti ìrì, nígbà tí oúnjẹ rẹ̀ ń wá láti ara ewé jíjẹrà àti eruku tí ó kó sí ìdí rẹ̀. Ansellia tilẹ̀ tún ní gbòǹgbò mìíràn tí ó yọ ṣóńṣó sókè bí ẹ̀gún, tí ó fi ń gba ewé tí ó ń já bọ́ láti òkè, bí ẹni tí ó gbé agbọ̀n kalẹ̀. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ tó yọ àdá, kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí ohun náà ti di igi mú. Bí ẹ̀ka bá wú níbẹ̀, àfòmọ́ ni, kí ó gé e kúrò. Bí ó bá jẹ́ gbòǹgbò funfun ni ó nà lórí èèpo, tí ara igi kò sì ní ọgbẹ́, kí ó fi í sílẹ̀, kò mu nǹkan kan lára kòkó rẹ̀.

Ìfẹ́ ni ó ń fa àṣìṣe kejì. Ẹnìkan láti Àkúrẹ́ yóò lọ sí oko, yóò rí òdòdó tí ó wù ú, yóò fà á tu, yóò sì gbìn ín sínú ìkòkò tí ó kún fún ilẹ̀ dúdú, tí yóò máa bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀, gbòǹgbò náà ti rà, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó mọ̀, kò mọ ilẹ̀. A kò sì lè sọ pé òmíràn yóò kúkú hù rọ́pò rẹ̀ nínú igbó. Hóró ọ́kíìdì kéré bí eruku, kò sì ní oúnjẹ kankan nínú. Àfi bí ó bá bọ́ sí ibi tí ẹ̀yà olú kan tí ojú lásán kò lè rí ti wà láti bọ́ ọ ni ó tó lè hù, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró tí ó wà nínú èso kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń di ewéko.

Títà á tún burú ju gbígbìn ín lọ. Gbogbo ìdílé ọ́kíìdì ni ó wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní ọdún 1973, tí Nàìjíríà sì ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1974, nítorí náà kò bófin mu láti gbé e kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Ó máa ń dùn mí pé àwọn ará òkèèrè ti mọ iyì Ansellia yìí kí àwa tó mọ̀ ọ́n: orúkọ John Ansell, olùtọ́jú ọgbà ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ìrìn-àjò odò Ọya wá ní ọdún 1841, tí ó sì rí i ní erékùṣù Fernando Po (Bioko lónìí), ni wọ́n fi sọ ọ́.

Àṣìṣe mìíràn ni pé a máa ń ka igi sí igi. Bí wọ́n bá gé ìrókò, àfàrà àti arère àtijọ́ tán, tí wọ́n sì gbin mẹ̀línà lọ bẹẹrẹ, bí a ti rí i nínú igbó ọba tí ń jẹ́ Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, a ó ní igbó ti padà. Mẹ̀línà wúlò, èmi kò bá a jà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gé e kí ó tó dàgbà débi tí ẹ̀ka rẹ̀ yóò gba àlejò. Ìdí nìyí tí mo fi ka Queen's Plot tí ó wà nínú igbó ọba Àkúrẹ́, níbi tí a ti dá àwọn igi àtijọ́ sí, sí ohun iyebíye. Àgbẹ̀ kòkó náà lè ṣe tirẹ̀: bí ó bá dá igi ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí fún ìbòòji, ilé ni ó kọ́ fún òdòdó yìí.

Kí a má sì rò pé orúkọ orí ìwé nìkan tó ṣọ́ igbó. Òkè Ìdànrè ti wà nínú àkọsílẹ̀ ìfojúsọ́nà UNESCO, ìyẹn àwọn ibi tí a dábàá láti di ogún àgbáyé, láti ọdún 2007, síbẹ̀ iná tí ẹnìkan dá nígbà ọyẹ́ kò ní bi ìwé léèrè kí ó tó jó gun òkè.

Bí o bá rí ọ́kíìdì, ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe gbé ojúlé ibi tí ó wà sórí Facebook, nítorí pé àwọn tí ń tà á ń kà á pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ igbó ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́, ni kí o fi hàn.

Bí igi bá ti wó, tàbí tí wọ́n ti gé e, nígbà náà ni gbígbé ọ́kíìdì kúrò bójú mu. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó dára jù. Fi aṣọ àlòkù dì í mọ́ igi mìíràn tí èèpo rẹ̀ rí gbágungbàgun nítòsí, ní ibi tí oòrùn àti ìbòòji ti dọ́gba pẹ̀lú ti àtẹ̀yìnwá. Má lo wáyà, má sì kó ilẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti bàbá ṣe fi ìdì márùn-ún padà sórí igi obì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Méjì gbẹ. Mẹ́ta ti di èèpo mú nígbà tí òjò ọdún kejì dé, bàbá fúnra rẹ̀ ni ó sì pè mí kí n wá wò ó.