Bí A Ṣe Ń Wọn Bó Ṣe Yá Wa Tó Láti Rí Olè Orí Kọ̀ǹpútà, Ká Sì Tì Í Síta

Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti ilé ìwòsàn aládàáni dé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ti ní ẹni tó ń bá wọn bójú tó kọ̀ǹpútà wọn báyìí. Ẹ bi wọ́n bó ṣe ń yá wọn tó tí olè bá wọlé, wọ́n á ní, "A máa ń tètè mọ̀." Ẹ ní kí wọ́n fi wákàtí sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa lè sọ ọ́.

Ohun méjì là ń wọ̀n: láti ìgbà tí olè wọlé títí dìgbà tí a mọ̀, àti láti ìgbà tí a mọ̀ títí dìgbà tí a tì í síta.

Ẹ ra long note kan àti bírò. Google Sheets dára, àmọ́ alẹ́ ni kí ẹ tó da ọ̀rọ̀ kọ síbẹ̀, torí kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ fi kọ ọ́ lè jẹ́ èyí tí olè náà wà nínú rẹ̀. Ẹ fa ilà mẹ́ta: ó wọlé, a mọ̀, ó jáde. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ má ṣe jẹ́ ẹni tó ń bá olè náà jà. Agùnbánirọ̀ ọ́fíìsì yín tó iṣẹ́ náà ṣe. Kó máa kọ 21:14, kó má kọ "aago mẹ́sàn-án kọjá".

Lẹ́yìn náà, ẹ tún aago ṣe. Kọ̀ǹpútà tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, tí wọ́n bá ti mú iná lọ, aago rẹ̀ á padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún. CR2032 ni wọ́n ń pe bátìrì náà, àwọn alágogo ń tà á, kò wọ́n. Ọ̀pọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, sì ń fi UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, kọ àkọsílẹ̀ wọn, èyí tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. 20:14 tí ẹ bá rí níbẹ̀, 21:14 ni lọ́dọ̀ wa.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ rè é: ilà àkọ́kọ́. Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Tákíe dé ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tan kọ̀ǹpútà ní 08:30. Ní 08:40, ó rí lẹ́tà kan láàárín àwọn tí wọ́n ti fi ránṣẹ́, tí òun kò kọ, tó ń ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa sanwó sí àkáǹtì tuntun. Ọ̀pọ̀ ni yóò kọ 08:30 sí ilà "ó wọlé". Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, inú alága á dùn. Irọ́ gbáà ni. Ẹ tẹ Details ní ìsàlẹ̀ Gmail lápá ọ̀tún, ẹ ó rí i pé ẹnì kan ti wọlé láti ibòmíràn ní 21:14 ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí 59 àti ìṣẹ́jú 26 ni olè náà fi wà nínú ilé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ yára wo Details yẹn o, torí kì í gba púpọ̀. Bí gbogbo ọ́fíìsì bá ti wọlé sí Gmail náà tán, àkọsílẹ̀ ti olè lè ti kúrò níbẹ̀. Bákan náà ni àkọsílẹ̀ Security ti Windows, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń kọ àwọn tó wọlé sí: 20 MB ló sábà máa ń jẹ́, tó bá kún, tuntun á máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú, kí ẹ sì máa da á kọ sórí fláàṣì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ti ráútà kò ṣeé gbára lé, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbàgbé gbogbo rẹ̀ tí iná bá lọ.

Bí ẹ bá wá ìgbà tí olè wọlé tì, ẹ kọ àmì àkọ́kọ́ tí ẹ rí, kí ẹ fi "ó kéré tán" síwájú rẹ̀. Ẹ má méfò, ẹ má sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀: Mandiant, tó ń ṣèwádìí irú ìkọlù báyìí káàkiri ayé, sọ pé ọjọ́ 416 ni iye àárín ọjọ́ tí olè fi ń wà nínú ilé kí wọ́n tó mọ̀ lọ́dún 2011, ó sì ti di ọjọ́ 10 lọ́dún 2023.

Ìgbà tí ẹ yí páswọ́ọ̀dù kọ́ ni olè jáde. Ó lè ti ṣètò pé kí gbogbo lẹ́tà máa yà sọ́dọ̀ òun, páswọ́ọ̀dù tuntun kò sì ní dá ìyẹn dúró. Ìgbà tí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, 11:05 ká ní, ni kí ẹ kọ. Láti 08:40 tí a mọ̀, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 25 nìyẹn.

Tí oṣù bá parí, ẹ má pín in dọ́gba. Ká ní ìṣẹ́jú 20, 35, 50, 120 àti wákàtí 59 yẹn ni ẹ ní: tí ẹ bá pín in, ó lé ní wákàtí 12, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó jọ ọ́. Ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, kí ẹ mú ti àárín, ìṣẹ́jú 50, kí ẹ sì kọ èyí tó pẹ́ jù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí i.

Ẹ tọ́jú ilà kejì gidigidi. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72, láti ìgbà tó bá ti mọ̀, láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò dátà, létí bí ọ̀rọ̀ náà bá lè pa àwọn tó ni dátà lára. Ti akọ̀wé wa yìí á pé ní 08:40 Ọjọ́bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé lọ́jọ́ náà gan-an.